Nọ́ọ̀kì Kan, Nọ́ọ̀kì Méjì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba mọ́tò bàbá mi lọ́wọ́ mi, èmi náà ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Kí Bàbá tó kú ni wọ́n ti fà á lé mi lọ́wọ́, nítorí èmi ni mo kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnì, tí mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Apẹ̀tẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò dùn sí i. Síbẹ̀, ọgbà wọn ní Akóbọ̀ ni mo ń gbé e sí, torí kò sáyè nílé tí mo háyà ní Agbowó.

Mẹkáníìkì kan ní Challenge fá irin orí ẹ́ńjìnì náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń gun òkè, á máa dún kọ́-kọ́-kọ́. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo gbé písítìnì dé òkè pátápátá, mo fi sìríǹjì wọn ọ́ìlì sínú àyè tó kù lórí rẹ̀. Àyè náà ti kéré jù, nítorí irin orí tó ti fá tán. Afẹ́fẹ́ tó kún sìlíńdà nígbà tí písítìnì wà nísàlẹ̀, tó yẹ kó fún pọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìdá kan nínú méjìlá ló ń fún un dà. Epo tí à ń rà kò lè fara da ìyẹn, ńṣe ló ń gbiná kó tó àsìkò. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn díẹ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin orí yẹn, ì bá wò ó sàn.

Nínú ìwé, nọ́ọ̀kì là ń pe ariwo yẹn. Mo ń máàkì ìdánwò lọ́jọ́ kan, mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún mẹkáníìkì àdúgbò yín pé ẹ́ńjìnì yẹn ń nọ́ọ̀kì.”

Ta ni kò mọ̀ n'Ìbàdàn pé ẹ́ńjìnì tó bá ti nọ́ọ̀kì, ó kú nìyẹn? Èmi náà mọ̀. Ìwé ló gùn mí lórí. Nígbà tí mo fi máa dé Akóbọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti pe àwọn oníkọ́ńdẹ̀mù tó ń ra irin àlòkù, wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ti kó o lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ ti gbá ojú ibẹ̀.

“Ṣebí ìwọ lo ní ó ti nọ́ọ̀kì?”

Mo ní “ń” ni mo wí, n kò wí “ti”. Mo ṣàlàyé písítìnì, mo ṣàlàyé àyè òkè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní tíṣà ni mí lóòótọ́. Inú ṣì ń bí mi sí wọn títí dòní, n kò ní purọ́, torí ohun tó wù wọ́n gbọ́ ni wọ́n gbọ́.

Bàbá kì í pe ariwo yẹn ní nọ́ọ̀kì. Wọ́n á ní, “Mọ́tò ń húkọ́.” Ká ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ ni. A kì í sin ẹni tó ń húkọ́.