Owó Ọpẹ́ Òjò

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá jẹ ìjọ, kì í sì í ṣe pé kò ní in lọ́wọ́. Owó ọpẹ́ òjò ni. Gbogbo ìdílé ni wọ́n bù ú lé ní ìjọ Àládùúrà wọn ní Ìyìn-Èkìtì, nítorí pé wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀dá, òjò sì dé lọ́jọ́ kẹrin. Màlúù kan àti ìrẹsì àpò méjì ni wọ́n fẹ́ fi rà fún àsè ọpẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì ní Ọjà Ọba l'Ádó á mọ̀ pé owó náà kò pọ̀jù. Iye rẹ̀ kọ́ ló ń bí i nínú. Ohun tí wọ́n ní kó sanwó lé lórí ni.

Tíṣà fisíìsì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ike kan tó fàmì sí lára, tó fi ń wọn òjò nínú àgbàlá. Tí òjò bá ti dá, á wọ sálúbàtà, á lọ wò ó, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé, kò fo ọjọ́ kan. Ìwé yẹn ló kó bá a. Nínú ọdún mẹ́tàdínlógún, ìgbà méjìlá ni òjò ńlá àkọ́kọ́ bọ́ sáàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin. Ti ọdún yìí rọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Ó gbé e lọ fún Wòlíì Olúwarótìmí, olórí ìjọ, tó ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí.

“Ààwẹ̀ o, kò sí ààwẹ̀ o, ìgbà rẹ̀ ti tó.”

“Sà, àbí ẹ ò gbà mọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà?”

“Mo gbà. Ìwọ ni mi ò gbà gbọ́. Kí ló dé tí o kì í pe ààwẹ̀ òjò nínú oṣù Kejìlá?”

Wòlíì bú sẹ́rìn-ín. “Sà, ìgbà wo la máa wá ṣínu? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, màá ka orúkọ àwọn tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n ka tiyín.”

Ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ wá di tòótọ́. Inú ìjọ yìí ni wọ́n bí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá sí. Tó bá sanwó, ṣé kò ti buwọ́ lu ohun tí ìwé rẹ̀ kò sọ? Tí kò bá sì san án, kí ló ń wá níbẹ̀?

Láàárọ̀ Sátidé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, Mosúnmọ́lá, ìyá Olúwatóbilọ́ba àkọ́bí wọn, tó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ìyá Tóbi, irọ́ ni mi ò fẹ́ pa.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ purọ́? Bàbá Tóbi, owó ìfẹ̀yìntì yín, ṣé wọ́n fi ń ta yín lọ́rẹ ni?”

“Ẹ̀tọ́ mi ni! Mo ṣiṣẹ́ fún un.”

“Ẹ sì mọ ọjọ́ tó ń wọlé?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bí fóònù yín bá ti dún pé owó náà ti wọlé, ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó ní ‘Bàbá, mo dúpẹ́’? Ta lẹ ń kí? Kàlẹ́ńdà?”

“Ìyẹn yàtọ̀.”

“Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún wa, ẹ̀yin tíṣà.”

Ó wá ìyàtọ̀ náà títí ẹ̀wà fi jinná. Kò rí i. Ìwé òjò sọ ìgbà tí òjò ń rọ̀. Kò sọ ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí Wòlíì tó mú ìwé orúkọ, bàbá náà ti dìde.

“Ẹ̀yin ará, mi ò lè sọ pé ààwẹ̀ wa ló mú òjò wá. Mi ò sì lè sọ pé òun kọ́. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ kò débẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń wọn òjò, kò sí ọ̀kan tí èmi mú rọ̀. Mo wá dúpẹ́.”

Àwọn kan kígbe halelúyà, àwọn kan ń wojú ara wọn. Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náà sórí tábìlì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

“Sà, Ọlọ́run á dá a padà fún yín ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún!”

“Mílíọ̀nù kan nìyẹn. Rọra máa ṣèlérí. Já rìsíìtì fún mi.”

Wòlíì já a fún un.