Ẹsẹ̀ Yéwándé Ṣì Wà Lókè

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 2019, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta kan ta olè nípàá ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Hazel Crest ní Amẹ́ríkà. Alhaja Kàfáyàtù ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Olè náà já báàgì rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kò tètè sá, nítorí Alhaja kọ́kọ́ kí i. Ó di ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bò ó, ó tẹrí ba. Ẹnu ya olè, ó dúró ń wò ó. Ìgbà náà ni Alhaja gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ìpá náà kò ba olè. Bàtà ló fò kúrò lẹ́sẹ̀ Alhaja, ó wọ inú ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ gbé e lọ. Olè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti mú un.

Ọlọ́pàá béèrè ẹni tó kọ́ Alhaja ní ìjà.

"Yéwándé ni," ó dáhùn.

Ọlọ́pàá kọ orúkọ Yéwándé sílẹ̀ pé kó wá jẹ́rìí.

Yéwándé kò lè wá. Ọlọ́pàá ni ní Hong Kong, inú fíìmù ló sì ń gbé. Inú àpótí ẹrù tí wọ́n kó síta níwájú ilé kan ní Flossmoor ni Alhaja ti rí àwo fíìmù náà, láìsí páálí, tí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ èdè Ṣáínà. Èdè Kantonísì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, kò sì sí ìtumọ̀ kankan nísàlẹ̀. Alhaja ló sọ ọlọ́pàá náà ní Yéwándé. Òun náà ló ń túmọ̀.

"Big Mummy, ṣé ẹ gbọ́ Kantonísì ni?" Mutmainnah, ọmọ àbúrò rẹ̀, bi í.

"Ohùn ni wọ́n ń lò bíi tiwa. Ẹni tó bá gbọ́ Ìjẹ̀bú ti gbọ́ ìlàjì."

Nígbàkígbà tí Yéwándé bá di ìkúùkù tó tẹrí ba fún ọ̀tá, Alhaja á na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ wo ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó ń kí bàbá yẹn ná kó tó lù ú. Ẹ̀yin ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ kì í kí èèyàn, ẹ ò sì mọ ìjà jà."

Ó kọ́ gbólóhùn kan tí Yéwándé máa ń pariwo mọ́ àwọn ọ̀daràn nínú fíìmù náà. Ó dá a lójú pé "ẹ kú iṣẹ́" ni. Ó wọ ilé oúnjẹ Míṣítà Lam ní Park Forest, ó sì kí i bẹ́ẹ̀. Míṣítà Lam gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Láti ọjọ́ náà, bí Alhaja bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, Míṣítà Lam á gbé ọwọ́ sókè. Alhaja ní àwọn ará Ṣáínà ń yẹ́ àgbà sí.

Àwo náà kò parí. Yéwándé á bá ọ̀gá rẹ̀, ọlọ́pàá tó dalẹ̀ rẹ̀, lórí òrùlé ilé gíga kan. Á kí i. Á gbé ẹsẹ̀ sókè. Àwòrán á dúró gbagidi, ẹsẹ̀ á wà lókè. Ibẹ̀ ni Alhaja ti ń gbà á sọ. Bí Adédayọ̀, ẹ̀gbọ́n Mutmainnah, bá pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ náà, ọ̀gá á tọrọ àforíjì, Yéwándé á dárí jì í. Bí kò bá pè é, ọ̀gá á já bọ́ láti òrùlé.

Ọ̀gá yẹn kú púpọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Alhaja gbé àwo náà fún Adédayọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Adédayọ̀ ń ṣe. "Dayọ̀, bá mi wá èyí tó parí. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe gan-an."

"I got you, Big Mummy. Weekend yìí." Ó dá àwo padà fún un.

Mutmainnah ní kó bi Míṣítà Lam.

"Kó wá mọ̀ pé mi ò gbọ́ èdè rẹ̀?"

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, kíndìnrín Alhaja dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó fa Adédayọ̀ lọ́wọ́. "Ṣé ọmọ yẹn ti gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀?"

"Weekend yìí, Big Mummy. Ìnṣá Allah."

Ọjọ́bọ̀ ló kú.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Míṣítà Lam wá, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé àdúà ló ń ṣe. Lẹ́mọ́mù gbójú sókè, ó sì ní "Àmín" fún un.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Adédayọ̀ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára àwo, ó fi wá fíìmù náà lórí fóònù. Mínítì mẹ́rin ló gbà á. Gbogbo ilé jókòó wò ó. Yéwándé gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀. Kò ta ọ̀gá rẹ̀ nípàá. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó dì í lápá mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nítorí ẹsẹ̀ ń dun bàbá náà. Lẹ́yìn náà ó lọ jẹun, òun nìkan. Ó tán.

"Ti Big Mummy dùn ju èyí lọ," Mutmainnah wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún un rín. Mutmainnah di ìkúùkù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó tẹrí ba fún àga tí Alhaja máa ń jókòó sí. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Adédayọ̀ kò lè dìde. Ó ń sunkún.

Ẹkún rẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ló fi dúró, fún mínítì mẹ́rin.

Ìwọ tó ń ka èyí, àgbàlagbà kan wà tó ní kí o bá òun wá nǹkan kékeré kan. O mọ ẹni náà. O mọ nǹkan náà. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ. Wá a nísinsìnyí, kí o sì pè é.