Fóòmù Bàbá Ẹ̀dínwó

Ọ̀sán gangan ni Bàbá Ẹ̀dínwó ru fóòmù dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sáré tẹ̀ lé e, ojú ń tì í bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dí i lọ́nà. "Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa sùn nílé báyìí, kẹ́ ẹ kàn máa wá lójúmọmọ. Kò sí bẹ́ẹ̀dì mọ́."

"Ta ló tọrọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹ? Mo gbé tèmi wá."

Onígbàjámọ̀ ni Bàbá Ẹ̀dínwó nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ kò sóhun tó mọ̀ ọ́n ṣe tó kó nájà. Búrẹ́dì tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sára ọ̀rá, á ná an. Ọjọ́ tí dókítà kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́, pé bí kò bá jáwọ́ nínú ọtí, ikú ni, pé kó wá gba bẹ́ẹ̀dì fún ìtọ́jú, ńṣe ló fa àga sún mọ́ tábìlì dókítà náà.

"Kí n wá sùn síbí kẹ̀? Dókítà, ẹ jẹ́ n máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀."

"Bàbá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Bẹ́ ẹ bá dá ọtí dúró lójijì nílé, tí kò sí nọ́ọ̀sì nítòsí, gìrì lè gbé yín."

"Ó dáa, mo fi kún un. Màá máa wá lójoojúmọ́, màá máa sùn nílé."

"Bàá mi, ọjà kọ́ lèyí!" ni ọmọ rẹ̀ pariwo. "Ẹ̀mí yín ni! Ẹ̀yin nìkan ni mo ní!"

Ó rí omi lójú ọmọ rẹ̀, ó sì gbà láti sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi dókítà pé kí ni èènì tòun.

Ẹ wá wò ó, ẹni tó nájà kó má bàa wọlé ló tún ru fóòmù padà. Dókítà jáde wá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni wọ́n ti ń ta ọtí. Bí mo ṣe ń wọlé ni wọ́n pè mí pé àga mi ṣì ṣófo. Ó wù mí kí n lọ jókòó. Ẹ̀rù bà mí, Dókítà."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò nájà rárá. Ìtìjú ọmọ rẹ̀ fò lọ. Ó di etí fóòmù kan mú, bàbá di ìkejì mú.

Dókítà wá ibi tó wà láàárín fún un: ilé kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọtí jọ ń gbé, tí wọ́n ń ṣọ́ ara wọn. Ibẹ̀ ló wà títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Nígbà tó ń padà sílé, tó kù kó máa wá fún ìpàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó fi fóòmù sílẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Kò fẹnu kan ọtí mọ́ títí ọjọ́ ogbó fi mú un lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ lọ gba fóòmù náà kó lè fi ṣe ìrántí. Ẹ̀ṣọ́ mú un dé yàrá kékeré kan. Ọkùnrin kan sùn lórí fóòmù náà fọnfọn, ó fi bàtà rẹ̀ rọrí.

"Wọ́n ti ní kó máa sùn nílé, ló bá tún sá padà wá. Ṣé kí n jí i?"

Ọmọbìnrin náà wo ọkùnrin náà. Àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀rín sì pa á pẹ̀lú omi lójú.

"Ẹ jẹ́ ó sùn. Tó bá jí, ẹ sọ fún un pé bàbá mi ló ni fóòmù náà. Ọ̀fẹ́ ni. Kó má wulẹ̀ ná an."