Ìkúnlẹ̀ Ṣadé ní Kúldíga

Títí láé ni n ó máa rántí ọjọ́ tí Ṣadé, ọmọ-ọmọ mi, sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Láti Maryland la ti lọ wo Kúldíga, ìlú àtijọ́ etí odò ní Látífíà.

Bí mo ti ń wo afárá wọn, n kò rí Ṣadé mọ́. Odò ni mo kọ́kọ́ sáré wò. Ẹ̀yìn mi ló wà, lórí ìkúnlẹ̀, níwájú ìyá arúgbó ará ìlú náà kan tó rò pé ó ṣubú, tó sì ń yẹ orúnkún rẹ̀ wò.

“Màmá àgbà, mò ń kí wọn ni!”

“O káre, Ṣadé. Ṣùgbọ́n máa sọ fún mi kí o tó lọ.”

Nílé, mo máa ń pariwo kó tó kúnlẹ̀! Inú mi dùn, èmi náà kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ni ìyá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí yẹ orúnkún tèmi wò.