Ojú Ẹ̀rọ Àǹtí Táípù

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fi ń tẹ̀wé fún aráyé. Àǹtí Táípù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ìwé agbẹjọ́rò, ìwé ẹ̀bẹ̀ ọmọ iléèwé, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tọkọtaya, gbogbo rẹ̀ ló ti gba abẹ́ ìka wọn kọjá. Wọn kì í wo bọ́tìnnì. Wọ́n á máa bá ọ sọ̀rọ̀, wọ́n á tún máa bú ọ pé irun orí rẹ rí wúruwùru, ìka á sì máa sáré lọ ní tirẹ̀.

Èmi ni mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ẹbí, nítorí náà èmi ni ìyà ń jẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń pè mí: lẹ́tà ń gbọ̀n lójú ẹ̀rọ, ìlà ń wọ́ kiri bí ọ̀mùtí. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo gbé ojú ẹ̀rọ mìíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù mi. Ọjọ́ méjì péré, wọ́n tún pè. Ká sọ òdodo, ó ti sú mi. Mo ti ń rò ó pé wọ́n kàn fẹ́ kí n máa yọjú sí wọn ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, agbẹjọ́rò kan tí wọ́n ń tẹ̀wé fún dá ìwé padà, odidi ìlà méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fò. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á kó iṣẹ́ òun lọ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ró.

Wọ́n pè mí, mo sáré lọ. Kí n tó jókòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Oníbàárà kan ní ojú ẹ̀rọ yìí máa ń tún àwòrán ara rẹ̀ yà ní ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pé èèyàn lè fipá mú un kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́tà ò sì ní gbọ̀n mọ́. O mọ̀, o ò ṣe é fún mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń gbá géèmù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tá a bá lé e kọjá agbára rẹ̀, ó lè bàjẹ́."

"Ṣé tìrẹ ni? Lé e."

Mo gba kámú. Mo lé e dé márùndínláàádọ́rin, ó gbà. Mo lé e dé àádọ́rin, ó gbà. Nígbàkigbà tí mo bá lé e, ojú ẹ̀rọ á ṣú, á padà là, àpótí funfun kan á yọ láàárín gbùngbùn, á béèrè bóyá ká fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń fúnni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, á padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ń dáhùn.

Ìgbà tó kan márùndínlọ́gọ́rin, wáyà ẹ̀yìn ti fẹ́ yọ. Mo yan nọ́ńbà náà, mo sáré fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀rọ mú, mo fi èkejì tẹ wáyà mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú máòsì. Tí àpótí funfun bá ti yọ, ẹ tẹ 'Bẹ́ẹ̀ ni'."

Ojú ẹ̀rọ ṣú, ó là. Àpótí náà yọ, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Mẹ́rìnlá. Mẹ́tàlá. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ọn gbọin, ọwọ́ wọn wà lórí máòsì. Mẹ́sàn-án. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, inú sì ti ń bí mi. Méjì. Ọ̀kan. Àpótí náà kúrò.

"Kò tíì yọ?" ni wọ́n béèrè.

Mo fi wáyà sílẹ̀. Mo na ìka mẹ́ta síwájú wọn. "Ẹ̀gbọ́n, mélòó nìyí?"

"Mo rí apá rẹ. Ọwọ́ tó wà láàárín gbùngbùn ni n ò rí."

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti pẹ́." Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. "Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ẹ̀rọ ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ìwọ á tún un ṣe."

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń tọ́jú ohun tí kò ṣàìsàn. Ojú tì mí.

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú."

Wọn ò dìde. "Tún un lé sí i," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Omi ti gba ojú mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo yọ wáyà iná ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, kí wọ́n lè dìde bá mi lọ.