Ẹṣin Tó Ń Gbọ́ "Ó Wà"

Mo rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹṣin kan ṣoṣo ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ní Igbó-Elérin l'Ékòó ni, ní ẹ̀yìn ilé bàbá kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n fẹ́ fi joyè nílùú wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bàbá ti pinnu pé ẹṣin làwọn máa gùn wọ̀lú lọ́jọ́ náà. Wọ́n ra ẹṣin pupa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ní Alábà Rágo, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹran, tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí, wọ́n sì wá ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bàbá mi tọ́jú ẹṣin rí nílùú wa lápá Ọ̀yọ́, nítorí náà wọ́n gbà pé èmi náà á mọ̀ ọ́n. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, láì bi ara mi ní ìbéèrè kankan.

Yàrá mi fara ti ilé ẹṣin. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní gbogbo Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ará àdúgbò á wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orin wọn á máa gba ojú fèrèsé wọlé, èmi àti ẹṣin á sì máa wo ara wa. Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní tèmi, n kò tilẹ̀ rí ejò tí mo lè bá kọ́wọ̀ọ́ rìn.

Mo kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ pa á lára kí ó lè mọ òórùn mi. Nígbà tó yá, mo tẹ́ ìró ìyá mi kan tó ti gbó sí i lẹ́yìn. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, mo tún tẹ́ ẹ. Nígbà tó gba ìró, mo gbé àpò yanrìn lé e; nígbà tó gba yanrìn, mo fi àyà lé e, ẹsẹ̀ mi ṣì wà nílẹ̀. Onísùúrù ní ń fún wàrà kìnnìún. Lọ́jọ́ tí mo wá gùn ún tán, ó dúró, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, lójijì ó sì kọrí sí títì. Gbogbo ohun tí bàbá mi ń sọ fún ẹṣin nílé sá kúrò lórí mi. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni igbe èrò ọkọ̀ tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀: "Ó wà o! Ó wà o!" Mo fa ìjánu pẹ̀lú rẹ̀. Ẹṣin dúró.

Ìyá aránṣọ tó wà ní ọ̀ọ́kán wa rẹ́rìn-ín títí. "Bọ̀dá ẹlẹ́ṣin, ṣé bọ́sítọ́ọ̀bù yín nìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà, "ó wà" di ọ̀rọ̀ èmi àti ẹṣin. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ta.

Bàbá ní àwọn fẹ́ gùn ún dé Ìyànà Ìbà. Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń yangàn. Bí a ṣe dé ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò, obìnrin kan ké láti inú bọ́ọ̀sì pé, "Ó wà o!" Ẹṣin dúró gbagidi. Bàbá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, fìlà wọn já bọ́. A tún gbéra, ẹlòmíràn tún ké, ẹṣin tún dúró. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí èrò yín bọ́lẹ̀ nàù!"

Nígbà tí a délé, bàbá wò mí. "Ṣé ẹṣin lo kọ́ àbí bọ́ọ̀sì? Tí ẹnìkan bá pariwo níwájú ọba ńkọ́, níwájú gbogbo fámílì mi? Tí kò bá ṣe dáadáa kó tó di ọjọ́ oyè, mo máa dá a padà sí Alábà Rágo. Kí wọ́n pa á jẹ."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ẹnìkan ṣoṣo tí mo ní ni wọ́n fẹ́ pa jẹ.

Ojoojúmọ́ ni mo ń mú un lọ sí Ìyànà Ìbà. Bí wọ́n bá ké "ó wà", màá rọra fi ẹsẹ̀ kàn án pé kó máa lọ. Ọwọ́ tí mo bá fi tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn ló wá di àmì ìdúró. Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn tún wà: bí ẹlòmíràn bá di ìjánu rẹ̀ mú, ojú mi ni yóò máa wá kiri. Mo wá ń bẹ ìyá aránṣọ àti ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá pé kí wọ́n bá mi fà á, èmi á sì sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ó ń yán, ó ń pè mí, mò ń di etí. Nígbà tó yá, kò yán mọ́.

"Ẹ rọra o," ìyá aránṣọ wí. "Ọmọ tí gbogbo ayé bá ti lè gbé, kì í sunkún ìyá ẹ̀ mọ́." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Bàbá tún gùn ún, ó rìn bí ọmọlúàbí láàárín gbogbo ariwo yẹn. Mo lọ ra fìlà tuntun. Lọ́kàn mi, mo ti ń fa ìjánu wọ̀lú, ìlù ń dún, àwọn obìnrin ń bi ara wọn léèrè ẹni tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí í ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé n ó bá wọn lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, wọ́n sì ní àwọn ti ní olùtọ́jú ẹṣin nílùú àwọn, ó sì ti bá ọkọ̀ wá. Ọkùnrin tí n kò rí rí bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gba ìjánu lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé pákó ti ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ẹṣin kì í fẹ́ gun pákó, mo sì ń retí kó kọ̀, kí wọ́n lè ní, "Ìwọ náà, máa bọ̀." Ọkùnrin náà fà á díẹ̀. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko tó bá níbẹ̀.

Ó ti pẹ́. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ, ilé wa ní Okokomáíkò kì í dákẹ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé ká ní ojú mi nìkan ló mọ̀, wọn ì bá ti pa á jẹ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ká ní ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tí ìyẹn ìbá pa lára.