Sóbò Tí Mo Jẹ́rìí Sí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Lugbe yìí, torí inú ṣì ń bí mi!

Màámi ní àtọ̀gbẹ. Láti ìgbà tí mo ti mú wọn wá láti Ìkìrun, èmi ni mò ń díwọ̀n oúnjẹ wọn, èmi náà ni mò ń gún wọn níka láràárọ̀ láti fi mítà yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò ni mo kúkú ti ń ṣiṣẹ́. Ta ló tún fẹ́ kọ́ mi?

Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, Kúnlé lorúkọ rẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ, àmọ́ mi ò ní fi "wọ́n" pè é lónìí, ẹ má bínú. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan, ó gbé sóbò dé, ó ní kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá, pé ewé kan ló fi mú un dùn, pé nítorí àwọn alátọ̀gbẹ gan-an ló ṣe é. Ó fa mítà yọ, irú èyí tí mo ní nílé, ó kán sóbò sórí bébà rẹ̀. Mítà kọ "Lo". Ìyẹn ni pé kò rí nǹkan kan. Ariwo sọ! Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ èmi ọmọ láàbù. Mo mi orí. Mo ní òótọ́ ni.

Bí mo ṣe di ẹlẹ́rìí nìyẹn o. Èmi fúnra mi ra igo méjìlá, mo sì ń gbé e fún Màámi mu.

Kò pẹ́, ṣúgà Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo dín ẹ̀bà kù, mo yọ ìrẹsì kúrò, ó ṣì ń gòkè. Ẹsẹ̀ wọn wá ń ta wọ́n bí iná. Dókítà ní tí kò bá walẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn lè di ohun tí wọ́n máa gé. Ẹ̀rù bà mí, mo sì fi ẹ̀rù yẹn ṣìkà. Mo fẹ̀sùn kan ìyá tó bí mi pé wọ́n ń jí nǹkan jẹ! Mo tú àpò wọn, mo gbé ìrọ̀rí wọn, mo bi wọ́n lójú àwọn ọmọ mi pé ṣé bisikíìtì ọmọdé ni wọ́n ń kó jẹ. Wọ́n ní àwọn ò jẹ nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹrù tí mo tú jáde padà sínú àpò wọn.

Abẹ́ ibùsùn wọn ni mo wà, tí mò ń fi tọ́ọ̀ṣì wá bisikíìtì, nígbà tí mo rí òfìfo igo sóbò kan. Eèrà ti bò ó! Kí ni eèrà ń wá nínú ohun tí kò ní ṣúgà?

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣi nǹkan kan, ló wà lára bébà mítà yẹn, ó sì dà bíi máígádì tó mọ ojú ẹnì kan ṣoṣo. Gúlúkóòsì, irú ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nìkan ló mọ̀. Ṣúgà tí à ń bù sí tíì ńkọ́? Gúlúkóòsì ti so pọ̀ mọ́ irú ṣúgà mìíràn níbẹ̀, mítà ò lè dá a mọ̀. Inú ikùn wa ló ti ń tú ká. Ọdún kìíní tí mo wọ yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ wa! Kí ni mo wá ń mi orí fún?

Yíìsì tí à ń fi ṣe búrẹ́dì ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ tó ń tú ṣúgà yẹn ká. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo bu yíìsì sínú omi lásán, mo bu òmíràn sínú sóbò Kúnlé, mo ní kí gbogbo wa dúró díẹ̀. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, mo yọ mítà. Ti omi, "Lo". Ti sóbò, "Hi"! Ó pọ̀ débi pé mítà ò lè kà á mọ́. "Kai!" ni alága wa pariwo.

Ẹ mọ ohun tí Kúnlé sọ? Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Sister, ṣé torí ṣúgà díẹ̀ lo ṣe fẹ́ ba bísínẹ́ẹ̀sì mi jẹ́? Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé òótọ́ ni?"

Díẹ̀ kẹ̀! Mo da sóbò tó kù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó lọ ṣàlàyé "díẹ̀" fún ẹsẹ̀ ìyá mi. Ẹgbẹ́ ní kò gbọ́dọ̀ tà á láàárín wa mọ́. Mi ò dárí jì í, ẹ má sì wá bẹ̀ mí. Àmọ́ ìbéèrè kejì yẹn, èmi náà ni mo sọ ọ́ lóòótọ́.

Ṣúgà Màámi ti ń walẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: tí ẹ̀rọ bá ní òun ò rí nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó lè rí. Kí ẹ sì tó pe àgbàlagbà lólè, ẹ yẹ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín gbé fún wọn wò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀ nínú ilé yín rí, kí lẹ ṣe tó fi tán nínú onítọ̀hún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Láàárọ̀ òní, kí Màámi tó jẹun, wọ́n gbé àpò wọn wá síwájú mi, wọ́n ṣí i sílẹ̀, wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò.